Etí Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ èdè ìlú tí ẹ ń lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkúùgbà tí ìwé ìròyìn yín bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jápa jáde, owó físà ni, owó ọkọ̀ òfuurufú ni, iye tó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì ni. Èdè ìlú tí wọ́n ń lọ kì í gbà ju ìlà kan lọ: ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò èdè. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aya tó ń lọ bá ọkọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ní èdè Jámánì àti Faransé kí wọ́n tó gbéra. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn ń gba ojúlé Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé tí Yorùbá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni ahọ́n ti ń lọ́, ibẹ̀ ni etí ti ń di.

Ẹ wo fáwẹ̀lì ná. Méje ni Yorùbá ní tí kò gba imú: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń pe owó ní ọwọ́. Jámánì, Faransé, Ítálì àti Pọtogí náà ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, wọ́n sì ya o sọ́tọ̀ kúrò lára ọ. Ní Jámánì, Ofen tí a fi o bẹ̀rẹ̀ ni ààrò, offen tí a fi ọ bẹ̀rẹ̀ ni ohun tó ṣí sílẹ̀. Ní Pọtogí, avô tó parí sí o ni bàbá àgbà, avó tó parí sí ọ ni ìyá àgbà. Ẹni tó bá ṣì í pè ti sọ ìyá di bàbá. Ní Ítálì, pesca tí a fi e pè ni ẹja pípa, pesca tí a fi ẹ pè ni orúkọ èso kan. Ẹni tó bá ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì wo nǹkan wọ̀nyí á rò pé ọgbọ́n tuntun ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń fi àmì abẹ́ lẹ́tà yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ tuntun sínú ìwé, ẹ kọ pípè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá, kí àmì abẹ́ rẹ̀ pé. Ẹ má fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nítorí lẹ́tà o nìkan, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ọ̀nà mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ìró fáwẹ̀lì méjì wà tí a kò ní rárá. Èkíní ni èyí tí Jámánì ń kọ ní ü, tí Faransé ń kọ ní u. Ẹ pe i, bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ìlú. Ẹ fà á gùn, ẹ má jẹ́ kí ahọ́n kúrò níbi tó wà, kí ẹ wá ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé. Ohun tó bá jáde nìyẹn. Bí ó bá di u mọ́ yín lẹ́nu, ahọ́n ló sá sẹ́yìn. Ẹ padà sórí i, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ö: ẹ pe e, kí ètè ṣe bíi ti o. Níbi tí ìró náà bá ti kúrú, bíi nínú zwölf tó jẹ́ 12, ẹ pe ẹ, kí ètè ṣe bíi ti ọ. A máa ń gbọ́ tí àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé ‘ó wà láàárín o àti e’. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí kò sọ ibi tí ahọ́n yóò wà, kò sì sọ ohun tí ètè yóò ṣe. Dígí ni kí ẹ dúró níwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní ilẹ̀ Faransé kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó: dessus ni ‘lókè’, dessous ni ‘nísàlẹ̀’, ìró ẹyọ kan yìí ló sì yà wọ́n.

Fáwẹ̀lì àránmúpè jẹ́ ẹ̀bùn fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Faransé kún fún un. Vin, tó jẹ́ wáìnì, sún mọ́ ẹn inú ‘ìyẹn’. Bon, tó jẹ́ ‘dára’, sún mọ́ ọn inú ‘ìbọn’. Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ á lo oṣù púpọ̀ kí imú rẹ̀ tó gbà. Ibi tí ẹ̀gún wà ni pé, bí a tilẹ̀ ń kọ an àti ọn lọ́nà méjì, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ pe ọ̀sán, ẹ pe ìbọn, kí ẹ fetí sí ìparí wọn. Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀: vent ni atẹ́gùn, vont ni ‘wọ́n ń lọ’, banc ni bẹ́ǹṣì, bon ni ‘dára’. Fún vent, ẹ ya ẹnu bí ẹni fẹ́ pe a, kí àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó gbé e gba imú. Fún vont, ẹ ká ètè jọ kó kéré. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ pè, ẹ wo ètè yín nínú dígí kan náà.

Imú yìí ló ń dà wá láàmú ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. N tí a ń kọ sí ìparí ‘ìbọn’, àmì imú lásán ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni den àti dem ṣe máa ń di ìró kan náà lẹ́nu wa, ‘dẹn’, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ìparí yẹn ló ń sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a rí àti ẹni tí a fún ní nǹkan. Fún den, orí ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè kó sì dúró níbẹ̀. Fún dem, ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin gírámà yìí lórí ìwé, wọ́n sì ń gba máàkì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pè é jáde rí.

Ìyọnu tó tóbi jù wà nínú kọ́ńsónáǹtì tó so mọ́ ara wọn. Sílébù wa kì í gba méjì papọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di búrẹ́dì, tí a sọ òmíràn di kíláàsì. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá, ẹwà èdè wa ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló ń sọ Strumpf, tó jẹ́ ìbọ̀sẹ̀, di ‘sítúrúmúfù’. Sílébù kan ni ará Jámánì ń retí, márùn-ún ló gbọ́, kò sì ní mọ ohun tí a wí, bí a tilẹ̀ wí i ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ tẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pe fáwẹ̀lì kan, àgbọ̀n á kan ọwọ́. Strumpf gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú: rum, rumpf, trumpf, Strumpf, kí ẹ sì rántí pé st tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Jámánì, ṣt ni a ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ mú Arzt, tó jẹ́ dókítà, àti Angst, tó jẹ́ ẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì tí kò lè pe Arzt ní sílébù kan yóò rí wàhálà lórí fóònù, níbi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ti rí ojú rẹ̀.

Díẹ̀ nínú àwọn ìró yòókù. Lẹ́tà w ti Jámánì: eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀ bíi ti f, ṣùgbọ́n kí ọ̀fun máa kùn. Ẹ fi ìka kan gògóńgò. Bí kò bá gbọ̀n, f ni ẹ pè, Wein tó jẹ́ wáìnì sì ti di fein, tó jẹ́ ‘dára’. Bákan náà ni s tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì sì tẹ̀ lé e: kó máa kùn bí oyin. Lẹ́tà z jẹ́ t àti s papọ̀. Ẹni tó bá fi s nìkan pe zehn, tó jẹ́ ẹ̀wá, ohun tó pè sún mọ́ sehen, tó jẹ́ ‘rí’. Àwọn tó máa ń fi h sí ibi tí kò sí, tí wọ́n sì ń yọ ọ́ níbi tó wà, kí wọ́n máa pe gbólóhùn yìí lójoojúmọ́: Ich komme aus dem Haus, ‘mo ń ti inú ilé bọ̀’. Ní ti ch inú Bach tàbí acht, àwọn tó lọ sílé kéwú ti ní in lẹ́nu: kháà ni. Ẹni tí kò kéwú, kó ṣe bí ẹni fẹ́ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun. Ti ich kò sí lọ́fun rárá. Ẹ pe ‘yi’ láìfi ohùn sí i, kí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan.

Ohùn wá ńkọ́? Jámánì kò ní dò, re, mí bíi tiwa, ṣùgbọ́n sílébù kan wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tẹ̀, tí ó ga, tí ó sì gùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ fi àmì mí lé e lórí nínú ìwé yín. Àwa Yorùbá máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó dọ́gba, ohun tó sì ń mú kí ará Jámánì má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo umfahren. Bí mí bá wà lórí um, ó di pé kí a fi mọ́tò gbá ẹnìkan lulẹ̀. Bí mí bá bọ́ sórí fah, ó di pé kí a wa mọ́tò yí i ká. Kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Ṣáínà ló rí èrè ohùn jẹ jù. Ohùn mẹ́rin ni èdè Mandarin ní. Èkíní ni mí tí a fà gùn. Èkejì ń gòkè bíi ‘yìí’. Ẹ̀kẹta ni dò tó lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀kẹrin ń já wálẹ̀ bíi ‘náà’. Mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin, mà ni kí a bú ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè fojú bù ú pé ó gba nǹkan bíi wákàtí 2200 kí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ èdè Ṣáínà tó fi lè ṣiṣẹ́. Ìnira ohùn wà nínú ìyẹn, ọmọ tó ti ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ láti kékeré kò sì ní láti san gbogbo rẹ̀. Kíkọ lẹ́tà wọn sílẹ̀ ni iṣẹ́ àṣelàágùn, ibẹ̀ sì ni kò ti sí ẹni tí Yorùbá lè gbà.

Ìṣirò ló dùn mọ́ wa jù láti kọ́ni. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ á ní Jámánì ‘ń yí nọ́ńbà po’, nítorí pé 21 ni einundzwanzig: ọ̀kan àti ogún. Kí ló wá yí po níbẹ̀? Mọ́kànlélógún ni. Vierundzwanzig ni mẹ́rìnlélógún. Láti 25 ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín, tiwọn sì ń lé lọ. Ẹ jẹ́ kí ‘lé’ yẹn máa bá a lọ títí dé 29, kò tún sí ohun mìíràn tí ẹ ó kọ́. Faransé pe 80 ní quatre-vingts, ogún mẹ́rin, ohun tí ọgọ́rin já sí gan-an nìyẹn. Ará Denmark ń fi ogún ka tirẹ̀ bákan náà: tres ni ọgọ́ta, firs ni ọgọ́rin. Ẹni tó ń lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù kó mọ̀ pé septante ni wọ́n ń pe 70 níbẹ̀, nonante ni 90, kì í ṣe bíi ti Paris. Ohun ìdánrawò kò wọ́n: ẹ dúró ní Lágere ní Ifẹ̀ tàbí ní Ẹrẹ́jà ní Iléṣà, kí ẹ máa fi èdè tí ẹ ń kọ́ ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà láàárín lẹ́tà lára nọ́ńbà mọ́tò tó ń kọjá, kí mọ́tò tó bọ́ kúrò lójú. Ogún mọ́tò lójúmọ́. Ẹni tó bá lè ṣe é kò ní béèrè iye owó lẹ́ẹ̀mejì nílé ìtajà.

Gírámà náà ní ibi tó ti jọ tiwa ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. A ń sọ pé ‘Ó pa ilẹ̀kùn dé’: a la ‘padé’ sí méjì, ilẹ̀kùn sì wọ àárín. Er macht die Tür zu nìyẹn, zumachen tí wọ́n là. ‘Orí ń fọ́ mi’: orí ló ń ṣe iṣẹ́, èmi ló ń ṣe é sí. Mir tut der Kopf weh, bákan náà. ‘Òtútù ń mú mi’: Mir ist kalt. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá á wí pé Ich bin kalt, ẹni tó gbọ́ ọ á sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn líle ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Sie. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ‘ẹ’ ọ̀wọ̀. Àwa ní in. Kódà, Sie tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí ‘wọ́n’ ni, lẹ́tà ńlá nìkan ni wọ́n fi yà á, bí àwa náà ṣe ń wí pé ‘Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun’. Ohun tó yàtọ̀ ni ìlò rẹ̀: àgbà tàbí ọ̀gá ló máa ń wí pé kí a máa pe òun ní du, tó jẹ́ ‘ìwọ’, bí ó bá sì ti wí bẹ́ẹ̀, ẹ pè é ní du. Ẹni tó bá tún ń fi Sie pè é lẹ́yìn ìyẹn ń tì í sẹ́yìn ni, kò bọ̀wọ̀ fún un. Ní Sweden, du ni wọ́n ń pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè gbà wá ni akọ àti abo. ‘Ó’ wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí tábìlì. Jámánì ní der fún akọ, die fún abo àti das fún èyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, àní ọmọdébìnrin pàápàá, das Mädchen ni. Ẹ má kọ Tisch, tó jẹ́ tábìlì, sílẹ̀ láé. Der Tisch ni kí ẹ kọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ ra bírò mẹ́ta: búlúù fún der, pupa fún die, àwọ̀ ewé fún das. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá parí sí ung, heit, keit tàbí schaft, die ni. Èyí tó bá parí sí chen tó ń sọ nǹkan di kékeré, das ni. Kí ẹ tún mú fọ́tò ẹbí, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ gbólóhùn márùn-ún nípa rẹ̀, er fún ọkùnrin, sie fún obìnrin. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àkókò wá ńkọ́? Ẹ̀kọ́ èdè tí ìjọba Jámánì ṣètò fún àwọn àlejò tó wá gbé ibẹ̀ jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 600, ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele B1 ni wọ́n sì fẹ́ kó gbé wọn dé (A1 ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni A2, B1, B2, C1 àti C2). Wákàtí 450 nìyẹn. Ẹni tó ń kọ́ ọ fún wákàtí kan lójúmọ́ nílé, oṣù márùndínlógún ni. Aya tó ń lọ bá ọkọ sábà máa ń nílò A1 kí físà tó jáde, nọ́ọ̀sì nílò B2 ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Jámánì kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wọlé, dókítà sì ní ìdánwò èdè ìṣègùn tirẹ̀ ní ìpele C1. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò sí bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ṣe lè gba B2 ní oṣù kẹfà pẹ̀lú wákàtí kan lójúmọ́, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún un ń gba owó rẹ̀ lásán.

Nínú ìdánwò B1 ti Goethe-Institut, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì, apá mẹ́rin ló wà: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ, 60 nínú 100 ni òṣùwọ̀n àṣeyege fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà àti kíkọ ni àwọn ènìyàn wa máa ń dojú kọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ wa níléèwé. Wọ́n á há lẹ́tà mẹ́ta sórí, wọ́n á há ọ̀rọ̀ ìfihàn ara ẹni sórí, títí kan ibi tí wọ́n ti ń mí. Olùdánwò á wá béèrè ìbéèrè kan péré tí kò sí nínú àkọ́sórí, gbogbo rẹ̀ á sì dà wó.

Èyí ni ohun tí a máa ń ní kí wọ́n ṣe dípò rẹ̀. Ẹ mú ohùn ìṣẹ́jú kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Deutsche Welle, iléeṣẹ́ ìròyìn Jámánì, ní ìròyìn tí wọ́n ń kà díẹ̀díẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, RFI, iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, náà ní ti Faransé tó rọrùn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ fà á sórí fóònù lóru nígbà tí dátà bá pọ̀, kí iná tó lọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láìwo ìwé. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìwé láti fi wé e: ibi tí ẹ ti ṣìnà ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ẹ má kọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ pè é tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá yá, ẹ máa pè é pọ̀ mọ́ ọn láìdá a dúró, bí elégbè ṣe ń bá olórin lọ. Ìkẹyìn, ẹ gba ohùn tiyín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ìtìjú á mú yín lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ má pa á rẹ́. Ìrìn àjò láti Iléṣà dé Ifẹ̀ tó gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú kan ní ogún ìgbà. Nínú rẹ̀ ẹ yọ gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, gbólóhùn ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún wọn pè ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹjọ àti ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ẹni tó há ọ̀rọ̀ 50 sórí lálẹ́ á pàdánù púpọ̀ nínú wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nítorí kò so wọ́n mọ́ nǹkankan.

Bí wọ́n bá wá dé ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì á tún dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ á gbọ́ ohùn àlejò, wọ́n á yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ràn án lọ́wọ́. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó ń gba èdè lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi gbólóhùn yìí sẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé: Bitte langsam, aber auf Deutsch, ‘ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ní Jámánì’. Ohun kejì ṣòro fún wa nítorí pé ìwà ọmọlúàbí ló bí i. Bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, a máa ń mirí, a ní ‘ẹ̀n, mo ti gbọ́ sà’, kó má baà dà bí ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àgbà lẹ́nu. Ní wọ́ọ̀dù, mímirí yẹn léwu. Ẹ sọ pé Wie bitte, ‘kí lẹ wí?’, kí ẹ sì dá ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un: Also zwei Tabletten, um acht Uhr, richtig? ‘Oògùn oníhóró méjì, ní aago mẹ́jọ, àbí?’ Kò sí ẹni tí yóò rí i bí àfojúdi níbẹ̀.

Ìkíni náà, ẹ má túmọ̀ tiwa. ‘Ẹ kú iṣẹ́’ kò ní alábàádọ́gba, ẹ kọ́ tiwọn: Mahlzeit láàárín àwọn òṣìṣẹ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Schönen Feierabend fún ẹni tó ń parí iṣẹ́, Gute Besserung fún aláìsàn. Ìkíni mẹ́ta yìí tí a bá wí ní àsìkò wọn ń ṣí ẹnu àwọn ará ibi iṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta ìwé kíkà lọ.

Ẹ̀ka èdè á tún yọjú. Ẹni tó fi ìwé kọ́ Yorùbá tó wá dé Iléṣà yóò gbọ́ ‘ulé’ níbi tó ti ń retí ‘ilé’, àwa sì mọ̀ pé èdè náà kò yí padà. Báyìí ni Bavaria ṣe ń kíni ní Grüß Gott tí Hamburg ń kíni ní Moin, tí ti ilẹ̀ Switzerland sì jìnnà ju ìyẹn lọ. Ẹ máa fi etí kọ́ ẹ̀ka èdè náà, kí ẹ sì máa fi èdè àjùmọ̀lò fèsì. Kò sí ẹni tí yóò bínú. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ àwìn lọ sí ìlú onílùú mọ ọgbọ́n yìí: ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí onígbèsè fi ń bẹ̀bẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìjọ Yorùbá tàbí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá ohun kan lọ́sẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin, bọ́ọ̀lù, oko kékeré tí wọ́n ń yá lò. Jámánì ní Volkshochschule, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ní àwọn ìlú rẹ̀, owó kíláàsì wọn kì í gani lára; Sweden ń kọ́ àwọn àlejò ní èdè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Quebec ní Kánádà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Faransé. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má fi Jámánì tí kò tíì gún bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Iléèwé yóò fún wọn ní èyí tó dára ju tiyín lọ. Yorùbá ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ má sì sọ wọ́n di ògbufọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò yẹ kó máa túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ méjì la ní. Àkọ́kọ́ ni sí àwọn tó ní ilé ẹ̀kọ́ èdè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ẹ jẹ́ kí Yorùbá wọ kíláàsì yín. Ó ń dùn wá pé a ṣì ń fi owó ìtanràn lé akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ìbéèrè ní Yorùbá níbi tí ó ti ń kọ́ Jámánì. Èkejì ni sí yín: ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ 300 péré, fún oṣù mẹ́fà. A kò gba owó. Ìró kan, gbólóhùn márùn-ún àti nọ́ńbà mẹ́wàá ni a ó máa kọ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì tó pé. Ti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ti wà nílẹ̀. Ü ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ èdè méjì,
Ilé-Ifẹ̀.